Ewé wo ni kí n gbìn sẹ́yìnkùlé, èwo ni kí n máa lọ já lóko?

Àdùkẹ́ Ọ̀nà-Ìlọrin:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lọ́nà Ìlọrin, níbi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àgbo ṣeré. Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Ewé wà lẹ́yìn ilé, ó wà lójú títì, ó wà lórí ilẹ̀ aládùúgbò tí kò tíì kọ́lé. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti wọlé báyìí, efínrín á gbẹ, ẹ̀yìn olóbe á di àwátì, idì ewé tí wọ́n ń tà lọ́jà á máa kéré sí i, owó rẹ̀ á sì máa ga. Ní ẹ̀rùn tó kọjá, èmi ni wọ́n ń rán kiri.

Ààyè wà lẹ́yìnkùlé wa, ó tó ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì. Apá kan jẹ́ yangí, apá tó sún mọ́ balùwẹ̀ ló dúdú díẹ̀. Kànga wà, ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kejì ọdún, ìdí rẹ̀ là ń họ. Ewúrẹ́ àdúgbò pọ̀, kò sì sí ọgbà.

Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí ni kí n gbìn báyìí? Èwo ni kí n má wulẹ̀ gbìn torí ó pọ̀ lóko? Èwo ni mo lè sá pamọ́ kí ẹ̀rùn tó dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn to orúkọ ewé jọ fún mi. Ẹ sọ bí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ń ṣe é.

Ìyá Eléwé Jagun:

Àdùkẹ́, o kú ìtọ́jú ìyá ọkọ. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí, bó bá ṣì í tẹ̀, òun ni kí o bá wí. Ìdí ewé ni wọ́n bí mi sí, ìsọ̀ tí ìyá mi jókòó sí ni mo ṣì jókòó sí.

Èyí tí òjò nìkan ń hù, tó sì ń bá òjò lọ, òun ni kí o fún nílẹ̀ rẹ. Èyí tó bá jẹ́ igi, tó ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà ẹ̀rùn, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni kó wà, ẹyọ kan sì tó. Òdìkejì ni àwọn èèyàn ń ṣe. Wọ́n á gbin dóńgóyárò mẹ́ta sínú ààyè tí igi kan ti pọ̀ jù fún, tó bá wá di oṣù kìíní wọ́n á wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n á máa wá ẹ̀yìn olóbe bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sódò.

Kó o tó gbin ohunkóhun, ṣe ọgbà. Gé igi bọ̀tújẹ̀, kí o rì í mọ́lẹ̀ ní títò báyìí, kó sún mọ́ ara wọn. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ó sì ń hù lórí yangí. Oje rẹ̀ náà ń wúlò fún egbò ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá wà nílé yín, máa ṣa èso rẹ̀ dànù. Ó ń dùn lẹ́nu ọmọ, lẹ́yìn náà ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á wá bẹ̀rẹ̀.

Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá yẹn, má gbẹ́kẹ̀ lé e. Àkọ́rọ̀ máa ń tan àgbẹ̀. Á rọ̀ lónìí, oòrùn á tún jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, gbogbo ohun tó ní gbòǹgbò wẹ́wẹ́ á sì jóná. Ewúro nìkan ni mò ń fi lélẹ̀ lásìkò yìí láìbẹ̀rù. Gé igi rẹ̀ tó ti gbó díẹ̀, kó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí o kì í bọlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ tó wà lókè kó wà lókè. Orí yangí á gbà á. Kò ní gbẹ títí ọyẹ́ á fi parí. Nígbà ọyẹ́ ni ìtànná rẹ̀ funfun ń yọ, tí oyin á sì máa bò ó.

Bí òjò bá wá fìdí múlẹ̀, láti ìparí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún, iṣẹ́ dé nìyẹn. Koríko ọba kò le: fa ìdí rẹ̀ ya, gé ewé rẹ̀ kúrú, gbìn ín kó jìnnà síra. Ìdí kan á di ìdí púpọ̀ kó tó di ọdún méjì. Atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa, apá tó dúdú lẹ́bàá balùwẹ̀ yẹn ni tiwọn, bí kì í bá ṣe omi ọṣẹ ló ń ṣàn gba ibẹ̀. Ge èyí tó ti rú ojú, jẹ́ kí ojú ọ̀bẹ tó wà lára rẹ̀ gbẹ kí o tó rì í sínú ebè, kí o sì fi koríko gbígbẹ bò ó. Wọ́n á wà nínú ilẹ̀ títí ewé wọn á fi pọ́n tán, ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní. Nígbà náà ni kí o wà wọ́n.

Efínrín ni ó ń dá ìwọ àti ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́. Irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, bí o bá rì í mọ́lẹ̀ kò ní hù. Ojú ilẹ̀ ni mò ń fọ́n tèmi sí, màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, màá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó títí yóò fi hù. Bó bá ti yọ ewé bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, màá lọ́ ọ sí ibi tó máa gbé ní ìrọ̀lẹ́. Títí dé ibẹ̀, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀ ni òdòdó. Bí efínrín bá ti yọ òdòdó, igi rẹ̀ á le, ewé rẹ̀ á kéré, yóò so èso, á sì gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. Nítorí náà, máa já orí rẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ yọ ọ́. Fi igi kan péré sílẹ̀ fún irúgbìn. Ní àrọ̀kúrò, kí òjò tó dáwọ́ dúró pátápátá, gé gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ wá sí ìwọ̀n orúnkún, fi pàǹtí tàbí koríko yí ìdí rẹ̀ ká, máa da omi ìfọ̀rẹsì sí i. Kò ní pọ̀ tó tìgbà òjò, àmọ́ kò ní kú.

Ẹ̀yìn olóbe kò fẹ́ kí èèyàn gbin òun. Fífi sílẹ̀ ló fẹ́. Tí ẹ bá ń roko, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ní oṣù keje sí kẹsàn-án ni ó máa ń dára jù, tí èso wóróró bá ti jókòó sábẹ́ ewé rẹ̀. Wú ìdajì, kí o fi ìdajì sílẹ̀ kí èso rẹ̀ fọ́n ká. Lọ́dún tó ń bọ̀ ìwọ náà á máa bẹ àdúgbò pé kí wọ́n wá wú u. Kí ó sì dá ọ lójú pé òun ni o wú: ṣẹ́ ẹ, bí omi funfun bá yọ lójú ibi tó o ti ṣẹ́ ẹ, ewé mìíràn nìyẹn, jù ú sílẹ̀.

Rìnrìn á hù fúnra rẹ̀ lára ògiri balùwẹ̀. Kò ṣeé sá, omi lásán ni. Ìgbà tó bá wà ni kí ẹ lò ó. Bó bá lọ, àbámodá wà. Fi ewé rẹ̀ kan lélẹ̀ sábẹ́ ibòji, ọmọ á máa yọ létí ewé náà, ọyẹ́ kì í sì í pa á.

Má gbin asúnwọ̀n òyìnbó. Ó pọ̀ lẹ́bàá odò àti níbi ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ní ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú á dúró ṣánṣán lórí, o ò ní ṣì í mọ̀ láti òkèèrè. Tútù ni wọ́n ń fi í pa làpálàpá ara. Tàgíìrì náà, má gbìn ín. Bí ewé ìtàkùn rẹ̀ bá ti kú lẹ́yìn òjò, èso rẹ̀ á kù lórí igbó, àwọn ọmọ oko ń kó o wá fún wa lọ́jà. Èmi ń là á sínú omi adìẹ mi. Ó ń rùn, ẹ má gbé e wọ yàrá.

Ó wá ku sísá. Ìgbà tí ewé dára jù ni afẹ́fẹ́ tutù jù, ìṣòro rẹ̀ nìyẹn. Bí o bá já ewé ní oṣù kẹsàn-án, tó o tẹ́ ẹ sórí àpò lórí sìmẹ́ǹtì, kò ní gbẹ, yóò hu funfun, yóò dúdú nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ewé gbígbẹ tí wọ́n ń gbé wá fún mi rà ni mo ń dá padà nítorí èyí. Èyí tí mo bá fẹ́ sá nígbà òjò, ìwọ̀nba ni mò ń já, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Màá ta nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá tẹ́ ewé lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, atẹ́gùn á máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá gbẹ, á dún tí o bá fọ́ ọ lọ́wọ́. Èyí tó kàn tẹ̀, tí kò dún, kò tíì tó. Èyí tó pọ̀ jù, oṣù kọkànlá ni mo fi í sí, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gbẹ, tí eruku ọyẹ́ ò sì tíì dé. Nínú ọyẹ́ gan-an ewé ń tètè gbẹ, àmọ́ yẹ̀pẹ̀ ni wà á máa mu. Inú àpò bébà ni kí o kó o sí, lẹ́yìn náà nínú garawa tó ní ìdérí. Má kó ewé tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́ sínú ọ̀rá.

Ewé ojú títì tó o sọ yẹn, fi í sílẹ̀. Eruku ọkọ̀ wà lára rẹ̀, ẹnu mi ò sì gba ohun mìíràn tí àwọn ọkùnrin ń ṣe sí i.

Àgbẹ̀ Ìkòyí:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo fara mọ́, àfi ti igi.

Àdùkẹ́, gbin orúwọ. Bí ààyè rẹ bá gba igi méjì, ọ̀kan kó jẹ́ orúwọ, èkejì akòko. Láyé ìgbà tí a wà lọ́mọdé, èèyàn kì í gbin orúwọ, igbó ló kún fún un. Ní ìsinsìnyí, ìhà ọ̀dọ̀ wa ní Orí-Ire, ẹ wo àwọn tó kù: wọ́n ti bó èèpo wọn yí ká bí ẹni bọ́ ṣòkòtò fún wọn. Igi tí wọ́n bá ti bó èèpo rẹ̀ yí po, ó kú nìyẹn, oúnjẹ ò lè sọ̀ kalẹ̀ sí gbòǹgbò mọ́. Bí o bá máa bó èèpo, ẹ̀gbẹ́ kan ni, kó gùn lóròó, má jẹ́ kó fẹ̀. Orúwọ tìrẹ, ewé rẹ̀ ni kí o máa lò, tó bá ga jù kí o gé e, yóò tún rú. Akòko rọrùn ju gbogbo wọn lọ. Gé ọ̀pá rẹ̀ tútù, kì í bọlẹ̀ nígbà òjò, ó ti di igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi ọkọ rẹ jẹ oyè, ẹ ò ní wá ewé kiri.

Ọ̀rọ̀ tó ń ká mi lára jù ni oògùn koríko. Kò sí oko tí wọn ò fín mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò yìí gan-an, wọ́n ń fín in kí wọ́n tó kọ ebè, wọ́n á tún fín in sí àgbàdo. Oríṣi kan wà tí koríko á jóná lójú ẹsẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní glyphosate ni kí ẹ bẹ̀rù bí ẹ bá ń já ewé: koríko tí wọ́n fín in sí lè wà ní tútù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pọ́n. Ẹni tó bá dé oko lọ́jọ́ kẹta, tó rí gbúre àti ẹ̀yìn olóbe tó tutù minimini, kò ní mọ̀ pé oògùn wà lára rẹ̀. NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de paraquat, oríṣi tó ń jó koríko lójú ẹsẹ̀ yẹn, láti oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ike rẹ̀ lẹ́bàá odò. Nítorí náà, má já ewé ní oko ẹni tí o kò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá ń wá ewé lẹ́bàá ọ̀nà oko, wo ilẹ̀ kí o tó wo ewé. Bí o bá rí koríko tó pọ́n ní ìlà gbọọrọ bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, yí padà.

Ẹ̀rùn náà, iná wà. Láti oṣù kejìlá ni àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran ti ń tiná bọ igbó. Ohun tó bá ní ìdí lábẹ́ ilẹ̀ á tún rú: abàfẹ̀ máa ń rú ewé tuntun kí òjò kankan tó rọ̀. Ṣùgbọ́n èso tó wà lójú ilẹ̀ ń jóná. Idì tí Àdùkẹ́ ń rà tó ń kéré yẹn, ọ̀nà tó jìn ni ó ti ń wá.

Lórí egbò ìpẹ̀ta, mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí. Má gbìyànjú láti wà á. Ó ṣòro láti gbìn, ó sì ń pẹ́ dàgbà. Bí wọ́n bá wa gbòǹgbò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà igi ló ń lọ. Òórùn àbọ́níkí tó ń rùn yẹn ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ohun ìtura lásán ni. Májèlé ni, ó ti pa èèyàn. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun ń lọ wá egbò nínú igbó ọba lọ́nà Ọ̀yọ́-Ilé o. Páàkì ìjọba àpapọ̀ ni láti ọdún 1991, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wà níbẹ̀, wọn kì í bá èèyàn ṣàwàdà.

Ọmọ Ajílété:

Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ ti sọ títí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ewé Akíntọ́lá! Ṣé nínú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí la ti ń gbàgbé ọmọ ilé wa ni? Bí àdá bá gé èèyàn lóko, kí ló tún kù? Ẹ rún un, ẹ fún oje rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá.

Ìyá Eléwé Jagun:

A ò gbàgbé. Àmọ́ ta ló ń gbin Akíntọ́lá? Ẹni tó bá fi ìdí kan sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lọ́dún kejì ilé ni yóò kó jáde fún un. Bí ọyẹ́ bá sì gbẹ ẹ́ tán, iná ló ń pè wá bá aládùúgbò. Ẹ jẹ́ kó wà lóko níbi tó wà, ó tó wa lò.

Àgbẹ̀, o ṣeun lórí orúwọ. Mo gbà. Ẹyọ kan.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́:

Ẹ kú àlàyé, Màmá. N kò bá ẹnikẹ́ni jà, ilé wa náà ń mu àgbo. Àwọn nǹkan díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un nítorí ohun tí à ń rí ní ilé ìwòsàn.

Àdùkẹ́, bí ìyá ọkọ yín bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ kíyè sí ewúro, ejìnrìn àti ẹ̀yìn olóbe. Àwọn náà lè fa ṣúgà wálẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé oògùn, ó lè lọ sílẹ̀ jù: òòyì, òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n. Ẹ sọ fún dókítà wọn ohun tí wọ́n ń mu, kí ẹ má fi pamọ́. Asúnwọ̀n ń ṣí inú gidigidi, kí aláboyún má mu ún. Ẹ má fún ọmọ ọwọ́ ní epo dóńgóyárò mu láé, ó ti ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ ọmọ jẹ́ rí. Bí ara ọmọdé bá gbóná, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe. Kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ tí èsì á fi jáde. Ẹ má dúró kí àgbo hó tán.

Nẹ́ẹ̀tì tí Màmá ní kí ẹ fi sá ewé, ti ojú fèrèsé ni o, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí ìjọba ń pín. Oògùn apakòkòrò wà lára ìyẹn.

Ìyá Eléwé Jagun:

Ọmọ mi Àṣàkẹ́, ti nẹ́ẹ̀tì yẹn dára tí o sọ ọ́. Ti ọmọ ọwọ́ náà, ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Èmi kì í ta ewé fún ìyá tó bá gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ń yí wá sísọ̀ mi. Màá ní kó gba ilé ìwòsàn lọ, kó wá bá mi tó bá dé. Wọ́n máa ń bínú. Kí wọ́n máa bínú.

Àdùkẹ́ Ọ̀nà-Ìlọrin:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin òbí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n ní Ìyá Eléwé tọ̀nà lórí efínrín, ṣùgbọ́n wọn ò gbà pé kí n gé e sí orúnkún. Ìdí pátápátá ni wọ́n ní kí n gé e dé. Wọ́n kì í lo oògùn ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiwọn, màá sọ fún dókítà.

Ọkọ mi ti lọ wá igi bọ̀tújẹ̀. Màá fi ewúro sórí yangí ní ọ̀sẹ̀ yìí, mo sì ti sọ fún ẹni tó ń bá wa roko pé kó má fín nǹkan kan sẹ́yìnkùlé wa mọ́. Omi balùwẹ̀ wa, ọṣẹ wà nínú rẹ̀, a máa la ojú ọ̀gbàrá fún un sí apá ibòmíràn kí oṣù kẹrin tó parí.

Màmá, atalẹ̀ tí wọ́n ń tà fún sísè lọ́jà, ṣé ó ṣeé gbìn? Níbo ni mo ti lè rí ìdí koríko ọba?

Ìyá Eléwé Jagun:

Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé mo kí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ gé e dé ìdí. Efínrín tí kò ní ewé kankan lára nígbà ẹ̀rùn kì í sábàá rú padà lórí ilẹ̀ oníyangí. Bí wọ́n bá fẹ́, ẹ gé ọ̀kan bí wọ́n ṣe wí, ẹ gé ìyókù bí mo ṣe wí.

Atalẹ̀ ọjà ṣeé gbìn bí o bá rí èyí tó ní ojú, tí ara rẹ̀ ò sì tíì hunjọ. Má ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ dán, òmíràn á ti jẹrà nínú. Fi í sínú apẹ̀rẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn títí ojú rẹ̀ á fi máa yọ, ó á ti ṣetán nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀.

Koríko ọba wà lẹ́yìn ilé mi. Wá sí Jagun láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, béèrè ìyá tó ń ta ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣu. Mú àpò rẹ dání. N kò ní gba owó ìdí koríko lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ bí o bá fẹ́ atalẹ̀ pupa, wà á san owó ìyẹn.